Òǹgbẹ Tí A Pè Ní Ààwẹ̀

Ìtọ̀ ìyàwó wa dúdú bí kóòkì. Mo rí i nínú balùwẹ̀ màmá mi ní University Heights, ní New York, torí pé Nádíà ò lè gbé ọwọ́ láti fi omi ṣàn án lọ. Gbogbo iṣan ara ló ń dùn ún.

Nádíà ni ìyàwó àbúrò mi. Ọmọ Rọ́ṣíà ni. Láti kékeré ló ti ń ja júdò, ìjàkadì tí wọ́n ti máa ń di aṣọ ara wọn mú, tí wọ́n á sì gbé ara wọn ṣánlẹ̀. Ó ti gba àmì ẹ̀yẹ fún ìlú wọn kó tó fẹ́ àbúrò mi. Ìwọ̀n ara ni wọ́n fi ń pín àwọn oníjà. Olùkọ́ rẹ̀ ní New York ní kó sọ̀kalẹ̀ sí ìwọ̀n tí kò dé mọ́ látìgbà tó ti bímọ, nítorí pé oníjà mìíràn tí olùkọ́ náà fẹ́ràn jù ti gba àyè Nádíà ní ìwọ̀n tirẹ̀. Bí kò bá jà nínú ìdíje Sátidé tó tẹ̀ lé e, wọn ò ní mú un fún ìdíje òkè òkun mọ́.

Bó ṣe fi oúnjẹ sílẹ̀ nìyẹn, tó fi omi sílẹ̀, tó ń wọ aṣọ ọ̀rá sáré nínú oòrùn, tó ń tu itọ́ sínú ife, kí omi ara rẹ̀ lè dín kù. Màmá mi, Mẹ́tọ́díìsì paraku, rí i, wọ́n rò pé ààwẹ̀ ni, inú wọn dùn.

“Ìyàwó mi, títí dìgbà wo lo fẹ́ gbà á?”

“Títí di Sátidé, mà.”

“Olúwa á dáhùn. Ṣùgbọ́n itọ́ tí ò ń tu sínú ife yìí ńkọ́? Àwọn Àlháájà tó ń gbé nísàlẹ̀ ilé yìí ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ààwẹ̀ wọn. Gbé e mì, ààwẹ̀ tiwa ò kọ̀ ọ́.”

Nádíà rẹ́rìn-ín. Ó rò pé àwàdà ni, pé ìyá ọkọ òun mọ ohun tí òun ń ṣe. Màmá mi bá a gbààwẹ̀ náà, wọ́n sì sọ káàkiri ṣọ́ọ̀ṣì pé àwọn ní ìyàwó tó mọ Ọlọ́run. Ilé tó yẹ kí wọ́n ti fún un lómi, àdúrà ni wọ́n fi ń tì í lẹ́yìn.

Lọ́jọ́ tí mo rí ìtọ̀ dúdú yẹn, mo pe olùkọ́ náà. Ó ní ìtọ̀ gbogbo ẹni tó bá ń dín ìwọ̀n kù ló máa ń pọ́n. Mo ní eléyìí ò pọ́n, ó dúdú. Ó ní kí n má da òun láàmú, kó ṣáà wá gun òṣùwọ̀n.

Èmi àti àbúrò mi gbé e lọ sí ẹ̀ka pàjáwìrì ilé ìwòsàn. Akọ̀wé obìnrin tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ò tilẹ̀ gbójú sókè. Mo ní ìtọ̀ rẹ̀ dúdú. Ó ní nǹkan oṣù ni. Mo ní kì í ṣe nǹkan oṣù. Ó ní kí n lọ jókòó. A jókòó títí itan Nádíà fi wú bí ìrọ̀rí, tí ọkùnrin tó dé lẹ́yìn wa, tí ìgò gé lọ́wọ́, ti wọlé, tó tún ti jáde.

Àbúrò mi ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká ní sùúrù.”

“Ìyàwó ta ni?”

Ó yí ojú sí ara ògiri.

Dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò nígbẹ̀yìn ló pe àìsàn náà ní rabdomayólísísì. Iṣan ara ló ń fọ́, tí èròjà inú rẹ̀ ń tú sínú ẹ̀jẹ̀, tó sì ń ba kídìnrín tó ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀ jẹ́. Òǹgbẹ, ooru àti iṣẹ́ àṣejù ló fà á. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, bí ìtọ̀ yín bá dúdú, tí iṣan sì ń dùn yín kọjá àfaradà, ẹ má dúró. Ẹ ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò fún iṣan àti kídìnrín. Bí wọ́n bá ní kí ẹ jókòó, ẹ má jókòó.

Omi ni wọ́n ń fà sí i lára láìdáwọ́ dúró. Wọ́n ti gbé ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ sí tòsí nígbà tí màmá mi dé, tí wọ́n gbọ́ pé kì í ṣe ààwẹ̀.

“O ò sọ fún mi, Nádíà.”

“Ẹ bi mí títí dìgbà wo, mà. Ẹ ò bi mí nítorí kí ni.”

Màmá mi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀. Wọ́n ń fọwọ́ pa á lẹ́sẹ̀ tó wú.

Kídìnrín náà jí díẹ̀díẹ̀, a ò lo ẹ̀rọ yẹn. Ọjọ́ tí ìtọ̀ rẹ̀ mọ́, olùkọ́ pè. Kò béèrè àlàáfíà rẹ̀. Ó ní Nádíà ti rù tó báyìí, ìgbà wo ló ń bọ̀? Nádíà ní ìwọ̀n ara òun gan-an lòun á máa jà, kódà kó jẹ́ pé oníjà tí olùkọ́ fẹ́ràn yẹn lòun máa kọ́kọ́ bá jà. Ó sì pa fóònù.

Ó padà jà, ní Jamaica, àdúgbò kan ní New York níbí, lábẹ́ olùkọ́ mìíràn. Ọmọge kan tó lágbára jù ú lọ gbé e ṣánlẹ̀. Kò sí ìdíje òkè òkun mọ́. Ó dìde, ó tún aṣọ rẹ̀ dì, ó tẹrí ba fún un. Mo dúpẹ́ fún kídìnrín méjèèjì tó ṣiṣẹ́ wọn nígbà tí olùkọ́, akọ̀wé, ọkọ àti ìyá ọkọ ò ṣe tiwọn. Ọpẹ́ ni mò ń dá. Mi ò tíì dárí ji ẹnì kankan.