Ìlà Tó Gbẹ̀yìn Nínú Ìwé Ọmọ Fọ́ọ̀mù Tú

Apá ọ̀tún ìyá arúgbó kan kán sí méjì nítorí gbólóhùn kan tí kò sọ. Àkọ́bí rẹ̀ ló fi ọmọ odó kán an, ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú Ìkórè, pẹ̀lú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́rùn rẹ̀. Èmi ni tíṣà tó máàkì gbólóhùn náà. Mo fún un ní mẹ́jọ nínú mẹ́wàá.

Kí n tó di oníròyìn, mo ṣe tíṣà ní ilé-ìwé girama ti ìjọ, ní ìlú kékeré kan láàárín Òmù-Àrán àti Èsìẹ́. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ Kwara jáde lára Àríwá nígbà náà. Ìwé tí a lè kà nípa ìlú tiwa kò sí, nítorí náà mo ní kí àwọn ọmọ Fọ́ọ̀mù Tú lọ bá àwọn àgbà ilé wọn, kí wọ́n kọ ìtàn ilẹ̀ kan ládùúgbò wọn wá. Òfin méjì ni mo kọ sójú pátákó. Ẹni tó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹnìkan, kó kọ onítọ̀hún sí ìlà tó gbẹ̀yìn. Ẹni tó bá da iṣẹ́ ẹlòmíràn kọ, ẹgba méjìlá.

"Bí ẹ bá wa iṣu nínú oko olóko, olè ni yín," ni mo wí. "Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀. Ó ní ẹni tó ni ín."

Ọmọkùnrin kan nawọ́. "Tíṣà, orin tí ìyá mi máa ń kọ bó bá ń gún iyán ńkọ́? Ta ló ni ín?"

"Bi í léèrè ẹni tó kọ́ ọ."

"Á ní ebi ló ń pa mí, sà."

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ará agbo ilé ìsàlẹ̀ ni ọmọ yẹn. Ọmọbìnrin tó jókòó tì í jẹ́ ará agbo ilé òkè. Agbo ilé méjèèjì ń bára wọn ṣẹjọ́ ní kóòtù ìbílẹ̀ lórí ilẹ̀ ẹ̀bá odò, níbi tí igi igbá tó ń so irú pọ̀ sí. Kálukú ní baba òun ló kọ́kọ́ ṣán igbó ibẹ̀. Ìjà àwọn àgbà nìyẹn. Àwọn ọmọ méjèèjì jọ ń lo yíǹkì kan náà ni.

Ọmọkùnrin náà lọ bá ìyá bàbá rẹ̀, ó sì kọ ọ́ báyìí: "Àwọn ará ìsàlẹ̀ ló ni ilẹ̀ ẹ̀bá odò. Ńṣe ni àwọn ará òkè tọrọ ibẹ̀ dáko. Ìyá bàbá mi ló sọ fún mi." Ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n máa kó ìwé wá, ọmọbìnrin náà kò tíì kọ nǹkan kan. Ó gba ìwé ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sì dà á kọ wàràwàrà, títí kan ìlà tó gbẹ̀yìn. Mo máàkì méjèèjì pọ̀ mọ́ àwọn ìyókù. N kò rí i pé ọ̀kan náà ni wọ́n.

Àbúrò bàbá ọmọbìnrin náà ti Èkó wá ṣe Ìkórè. Lẹ́yìn ìsìn, ó mú ìwé ọmọ náà láti fi han àwọn ọkùnrin agbo ilé bí ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ ṣe dára tó. Obìnrin ilé kan tó ń gúnyán nítòsí ròyìn fún mi.

"Tẹ̀rín-tẹ̀rín ló fi ń kà á. Nígbà tó dé ibi 'tọrọ ibẹ̀', ohùn rẹ̀ já. Àkọ́bí ìyá ní kó tún un kà. Ó tún un kà. Àkọ́bí ní ta ló sọ ọ́? Àbúrò rẹ̀ wá ka ìlà tó gbẹ̀yìn: 'Ìyá bàbá mi ló sọ fún mi.' Gbogbo wọn bá kọjú sí ìyá, ìyá bàbá ọmọ náà gan-an. Ẹ̀gúsí ló ń bó lẹ́nu ọ̀nà.

"Àkọ́bí rẹ̀ kígbe pé, 'Ìyá, ẹ ti tà wá!' Ìyá ní, 'Kí ni mo tà?' Ọmọ odó tó wà lọ́wọ́ mi ló já gbà, Tíṣà. Ọwọ́ mi ló ti gbà á."

Lílù àkọ́kọ́ ba ìyá lápá. Ọkùnrin náà tún gbé ọmọ odó sókè. Àbúrò rẹ̀ tó ti Èkó dé dì í mú, ẹ̀gbọ́n sì fi orí kan án nímú, ẹ̀jẹ̀ bo aṣọ funfun rẹ̀. Àwọn tó kù fọ́ ìkòkò ìyá, wọ́n sì ń fa koríko òrùlé yàrá rẹ̀ ya.

Igbe náà dé ìsàlẹ̀. "Wọ́n ti jẹ́wọ́! Ìyá wọn ti jẹ́wọ́!" Àwọn ọ̀dọ́ ìsàlẹ̀ mú àdá, wọ́n lọ gba ilẹ̀ ẹ̀bá odò lójú ẹsẹ̀. Àwọn ará òkè pàdé wọn níbẹ̀. Wọ́n la ọkùnrin kan lórí. Ìka méjì já lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ẹnìkan sì fi ewé kókò dì wọ́n wá fún pásítọ̀, bí ẹni pé pásítọ̀ lè lẹ̀ wọ́n padà. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ọlọ́pàá ti dé láti Òmù-Àrán. Wọ́n mú àkọ́bí ìyá lọ. Síbẹ̀, agbo ilé òkè pinnu pé bó bá di ọjọ́ ọjà, ìyá á padà sí ilé baba rẹ̀ ní Àrán-Ọ̀rin. Gbogbo ẹni tó mọ̀ ọ́n níbẹ̀ ló ti kú.

Ní Ọjọ́ Ajé, mo lọ bá a nílé ẹni tó ń to eegun. Wọ́n ti fi pákó di apá náà.

"Ìwọ ni Tíṣà?"

"Èmi ni, Ìyá."

"Ọmọ yẹn bi mí lóòótọ́. Mo ní kí ló kan ọmọdé nínú ọ̀rọ̀ ilẹ̀, kó lọ pọnmi. Ohun tí mo sọ nìyẹn. Lọ kọ ìyẹn."

Mo padà sílé-ìwé, mo kó ìwé gbogbo kíláàsì jọ. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo tó fara balẹ̀ ka ìwé wọn. Mo tẹ́ ìwé méjì náà sórí tábìlì: ọ̀rọ̀ kan náà, yíǹkì kan náà, àti mẹ́jọ mi pupa lábẹ́ méjèèjì.

Mo pe àwọn ọmọ náà. Ọmọkùnrin ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Mo sọ fún un, sà. Mo ní kó yí ìlà tó gbẹ̀yìn yẹn padà. Ó ní agogo ti ń lù."

Mo bi ọmọbìnrin náà. "Wọ́n ṣẹ́ ìyá àgbà rẹ lápá níṣojú rẹ. Kí ló dé tí o kò sọ?"

"Ẹ ní ẹgba méjìlá, sà."

Ọ̀gá ilé-ìwé ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní òfin tí mo fọwọ́ ara mi kọ, èmi ni kí n mú un ṣẹ. Ọmọbìnrin náà ti dojú bolẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì kí ọ̀gá tó sọ̀rọ̀ tán. Mo nà án. Òun fúnra rẹ̀ ló ń kà á. Nígbà tó ka méjìlá, ó dìde, ó nu imú.

"Ó ti pé, sà? Ṣé mo lè lọ sọ fún wọn báyìí?"

Ó sọ ọ́ ní kóòtù ìbílẹ̀, ọjọ́ méjì ṣáájú ọjọ́ ọjà. "Irọ́ ni ìlà tó gbẹ̀yìn. Ìyá àgbà mi ò sọ nǹkan kan. Inú ìwé ọmọ ìsàlẹ̀ ni mo ti dà á kọ."

Ẹnìkan láti ìsàlẹ̀ pariwo lẹ́yìn pé, "Ìyókù, òótọ́ ni!" Ọlọ́pàá tì í síta.

Adájọ́ ní ọkùnrin tó lu ìyá rẹ̀ á padà sí àhámọ́ lọ dúró de ẹjọ́ tirẹ̀. Àwọn àbúrò rẹ̀ á bo òrùlé yàrá ìyá kó tó di ọjọ́ ọjà, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ lé e kúrò níbẹ̀. Ó ní kí n fa ìlà gba orí máàkì mi níwájú akọ̀wé kóòtù, kí n sì kọ ẹni tó ni ọ̀rọ̀ náà gan-an sínú ìwé ọmọbìnrin náà. Mo kọ ọ́: "Ìyá bàbá ọmọkùnrin ìsàlẹ̀ ló sọ ọ́."

Adájọ́ wò ó, ó sì ti ìwé náà sọ́dọ̀ sájẹ́ǹtì. Ó ní ẹjọ́ ilẹ̀ di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Lọ́jọ́ náà, ìyá àgbà ará ìsàlẹ̀ ni yóò wá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, ọlọ́pàá méjì ni yóò sì lọ mú un wá láti ilé, tí wọn yóò sì sìn ín padà.