Ìwé Ìpẹ̀jọ́ Tí Ìyá Onídìrí Kò Gbà

Lọ́yà mẹ́tàdínlógún ló máa ń tò síwájú ṣọ́ọ̀bù mi ní Trans-Nkisi, nílẹ̀ Ìgbò níbí, láràárọ̀, wíìgì lórí, kí n lè kọ́ wọn lófin kí wọ́n tó lọ sí kọ́ọ̀tù. Èyí tó bá pẹ́ dé, òròó ló ń wà. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Prámárì fáìfù ni mo ti kúrò nílé ìwé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀wù dúdú tí wọ́n ń wọ̀ yẹn, ta ló ń rán an? Ẹni tó bá ti rán ẹ̀wù lọ́yà fún ogójì ọdún, òfin á ti ta sí i lára.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ọ̀dọ̀ mi ni Ìyá Onídìrí gbé ìwé rẹ̀ wá láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ṣọ́ọ̀bù tèmi àti tirẹ̀. Ó ti ń dirun níbẹ̀ láti ìgbà tí irun tèmi ṣì dúdú.

"Bàbá Télọ̀, ẹ bá mi ka nǹkan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn mi."

Mo wọ gíláàsì. Kọ́ọ̀tù ló kọ ọ́. Wọ́n ní lánlọ́ọ̀dù wa pè é lẹ́jọ́, kò yọjú, adájọ́ sì ti dá ẹjọ́ náà lẹ́yìn rẹ̀: kó kó ẹrù rẹ̀ jáde láàárín ọjọ́ méje.

"Ìgbà wo ni wọ́n pè mí? Ta ló rí mi tí mo kọ̀?"

"Wọ́n ní àwọn tó ń gbé lẹ́tà kiri ló gbé ìwé ìpẹ̀jọ́ wá fún ọ. Wọ́n ní o gbà á, o sì sáìnì."

Ó jókòó gbì sórí àpótí mi. Ọjọ́ ti pẹ́ tí lánlọ́ọ̀dù ti ń wá bó ṣe máa lé e. Àna lánlọ́ọ̀dù náà fẹ́ máa ta fóònù níbẹ̀. Bí Ìyá Onídìrí bá sì kúrò, ibo ni yóò lọ? Ibẹ̀ ni gbogbo oníbàárà rẹ̀ mọ̀ ọ́n sí.

Mo sọ fún un pé n kò lè bá a kọ ìwé sí kọ́ọ̀tù. Mo kọ ọ́ fún onítáyà kan rí, akọ̀wé kọ́ọ̀tù sì bi mí bóyá àgọ́ ọlọ́pàá ni mo fẹ́ sùn sí. Ṣùgbọ́n kò sí òfin tó ní kí télọ̀ má kàwé. A jọ lọ ni. Akọ̀wé yẹn náà ló bá a kọ ìwé pé kí adájọ́ gbọ́ tẹnu rẹ̀, ó sì gbé fáìlì ẹjọ́ náà fún wa wò.

Ìwé méjì tí lánlọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀ kó síbẹ̀ ni mo tẹjú mọ́. Àkọ́kọ́ ni ti àwọn agbélẹ́tà: sáìnì kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ó lọ́ kọ́lọkọ̀lọ bí ìfun ewúrẹ́. Ìkejì ni ìwé àdéhùn ṣọ́ọ̀bù: àtàǹpàkò ńlá kan ló wà nísàlẹ̀ ìyẹn, nínú yíǹkì aró.

Mo bú sẹ́rìn-ín.

"Oga, wetin dey sweet you?" ni akọ̀wé wí.

"Ìyá Onídìrí, ṣé o mọ̀wé kọ?"

"Bàbá, ẹ ti bẹ̀rẹ̀ èébú nìyẹn?"

Kò kọ lẹ́tà kan rí láyé rẹ̀. Ní báńkì, ó ń tẹ̀ka. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń tẹ̀ka. Gbogbo ìlà ṣọ́ọ̀bù wa ló mọ̀, àfi lánlọ́ọ̀dù tí kì í wá fúnra rẹ̀, tó jẹ́ ajẹ́ńtì ló ń rán.

Lọ́jọ́ ẹjọ́, mo dìde. "Olúwa mi," ni mo wí, mo sì sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan gbáko débi pé fáànù òkè dúró kó lè gbọ́. Mo gbé ìwé méjèèjì sókè. Adájọ́, obìnrin kan tí kì í rẹ́rìn-ín, yíjú sí lánlọ́ọ̀dù, ó ní ta ló sáìnì èyí.

Ó wo ilẹ̀, ó wo òkè. Ó ní títì ni ṣọ́ọ̀bù náà wà lọ́jọ́ tí lẹ́tà dé, lòun bá ní kí ajẹ́ńtì òun gbà á.

"Ìwọ lo pe ẹjọ́, ìwọ náà lo gba ìwé ìpẹ̀jọ́," ni adájọ́ wí. "Ṣé kí n sọ̀ kalẹ̀ kí o wá dá a?"

Kọ́ọ̀tù ró gèè. Adájọ́ fagi lé ìdájọ́ àkọ́kọ́. Ó ní bí lánlọ́ọ̀dù bá ṣì fẹ́ pe ẹjọ́, kó bẹ̀rẹ̀ látilẹ̀, kí òṣìṣẹ́ kọ́ọ̀tù sì fi ìwé lé obìnrin náà lọ́wọ́. Títí di òní, kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ìyá Onídìrí ti kun ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ́dà tuntun, ó pupa fòò, ẹni tó wà lórí afárá odò lọ́hùn-ún pàápàá ń rí i.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo ti purọ́. N kò sọ nǹkan kan ní kọ́ọ̀tù ju "Olúwa mi" lọ. Adájọ́ bi mí bóyá lọ́yà ni mí, mo ní télọ̀ ni mí, ó ní kí n jókòó tàbí kí n jáde. Mo jókòó. Ìyá Onídìrí ló sọ gbogbo rẹ̀, ní èdè Ìgbò tó já gaara, láìlo ògbufọ̀, ó sì na àtàǹpàkò rẹ̀ sókè fún gbogbo ayé rí.