Àjàrà Ẹ̀yìn Fèrèsé Ẹ̀gbọ́n Mi

Aránṣọ ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Ẹ̀yìn fèrèsé tó ti ń ránṣọ ló gbin àjàrà rẹ̀ sí. Lọ́dún tó kọjá, ewé àjàrà náà ń pọ́n bí irin tó dípẹtà. Ọkọ rẹ̀ fín oògùn ẹ̀fọn sí i, ó tún wá burú sí i. Ló bá gbé àdá.

"Igi yìí ti kú, jẹ́ kí n gé e."

"Olówó orí mi, ẹ gbé àdá yẹn sílẹ̀ ná. Nígbà tí ẹ̀yin ń wúkọ́, ta ló gé yín?"

Ẹ̀gbọ́n mi tẹ́ àjákù aṣọ funfun sábẹ́ ewé, ó gbọn ewé náà. Kòkòrò tó kéré ju hóró iyọ̀ lọ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lórí aṣọ.

"Àwọn tó ń fa omi ara rẹ̀ mu nìyí. Oògùn yín ti pa àwọn kòkòrò mìíràn tó ń bá wa pa wọ́n jẹ."

Láràárọ̀, kó tó jókòó sídìí maṣíìnì, ó ń fi omi fọ abẹ́ ewé bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun. Ewé tútù yọ, èso sì so jìngbìnnì.

Báyìí, bí àlejò bá dé, ọkọ rẹ̀ á ní, "Ẹ wá wo àjàrà mi." Ẹ̀gbọ́n mi á kàn rẹ́rìn-ín. Èmi tí mo mọ ẹni tó gbé àdá, mo máa ń sọ ẹni tó ni àjàrà náà fún wọn.