Abọ́ Sàárì Ọjọ́ Ìtúnu

Ìró àpótí lórí sìmẹ́ńtì ni mo kọ́kọ́ kórìíra lára ọkùnrin náà. Ibikíbi tí wọ́n bá ti pa ènìyàn ní Ìsàlẹ̀ Èkó nígbà náà, kí n tó wọlé ni mo ti máa ń gbọ́ ọ, tí ó ń wọ́ àpótí ìjókòó kékeré tó máa ń há sábẹ́ apá káàkiri. Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ni, èmi jẹ́ ínsípẹ́kítọ̀, wọ́n sì so wá pọ̀ pé kí a jọ máa wádìí ikú. Ọmọ Àgùdà ni, ìyẹn àwọn tí baba ńlá wọn ti ilẹ̀ Bùràsíìlì padà wálé. Á de táì nínú oòrùn, á kó kúlíkúlí sápò. Tó bá dé ibi òkú, á kọ́kọ́ kí i pé, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o." Lẹ́yìn náà á gbé àpótí kalẹ̀, á kẹ̀yìn sí òkú, á máa fọ́ kúlíkúlí lẹ́nu fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láìsọ̀rọ̀. Tó bá máa sọ̀rọ̀, á béèrè ohun tí kò jọ nǹkan kan, bíi ẹ̀gbẹ́ wo ni olóògbé fi máa ń sùn. Kó tó di ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta, a ti mú apànìyàn.

Àdúgbò sọ ọ́ ní Alápòótí. Èmi ò ní orúkọ. "Ọlọ́pàá tó ń bá Alápòótí rìn" ni wọ́n ń pè mí, èmi tí wọ́n bí sí Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, tí kò sí ojúlé tí n ò mọ̀ níbẹ̀. Màmá mi gan-an, tí mo bá délé, kò ní béèrè bóyá mo ti jẹun, á ní, "Alápòótí ńkọ́?" Owú jẹ mí, kí n má purọ́. Mo tiẹ̀ ra kúlíkúlí nígbà kan, mo jókòó ti òkú kan, mo sì jẹ ẹ́ títí. Eyín mi kan ló kán, n ò rí nǹkan kan.

Ohun kan ṣoṣo ló wà tó nílò mi fún. Ilé Mùsùlùmí ló pọ̀ jù nínú àwọn ilé tí à ń lọ, òun ò sì mọ nǹkan kan nípa ẹ̀sìn wa. Ó máa ń yíjú sí mi, á ní, "Àbúrò, ìwọ lo mọ èyí." Ohun tí mo bá sọ, á kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, kò ní bi ẹlòmíràn mọ́. Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ akèrègbè. Mo mọ òwe náà dáadáa. Ṣùgbọ́n èmi fẹ́ kí ọwọ́ mi tó pẹpẹ, kó tún wọ akèrègbè.

Ọjọ́ ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀ kan ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Yídì dé ni, agbádá ṣì wà lọ́rùn mi, nígbà tí wọ́n pè mí pé wọ́n ti pa baba aláṣọ kan ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó. Inú yàrá rẹ̀ lókè ni wọ́n ti bá a láàárọ̀, wọ́n ti fi ọmọ ọlọ fọ́ orí rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní tó fi ń kírun, abọ́ tánganran kan wà níbẹ̀, ìrẹsì àti ẹ̀wà inú rẹ̀ ti ku ìdajì. Gbogbo ilé ló mọ abọ́ náà. Ìyàwó rẹ̀ kékeré ló fi ń gbé sàárì fún un ní ìdájí láti ìbẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀, baba náà kì í sì í gbà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Alápòótí ò tíì dé. Mo ní háà, Ọlọ́run ti gbọ́ àdúrà mi lónìí. Mo rò ó pé ẹni tó bá gbé sàárì wá ló rí baba náà gbẹ̀yìn, ó parí. Ìyàwó náà ń sunkún, ó ní láti ìgbà tí òun ti gbé ìṣínu fún ọkọ òun ni òun ti lọ dirun nílé ìyá òun ní Ìsàlẹ̀ Èkó, pé ibẹ̀ ni òun sùn mọ́jú. Mo ní ṣé ìyá lè jẹ́rìí tako ọmọ rẹ̀ ni. Ó tún fẹ́ sọ̀rọ̀, mo ní kó pa ẹnu dé. Ọmọ ọmú wà lẹ́yìn rẹ̀, mo ní kí wọ́n gbé ọmọ náà fún ìyá àgbà rẹ̀, kí wọ́n sì mú obìnrin náà lọ sí àgọ́. Mo pe ọ̀gá wa lórí fóònù pé mo ti yanjú ẹ̀. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ó ní, "Láìsí Alápòótí? O ṣeun." Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi ju ẹran ọdún lọ.

Ìgbà náà ni mo gbọ́ àpótí lórí sìmẹ́ńtì. Ó kí òkú, ó jókòó, ó jẹ kúlíkúlí rẹ̀. Nígbà tó ṣe, ó yíjú, ó ń wo abọ́ náà.

"Àbúrò, ìwọ lo mọ èyí. Mo gbọ́ pé oṣù ti lé lánàá. Ṣé ẹ máa ń jẹ sàárì lọ́jọ́ Ìtúnu?"

Ta ni Mùsùlùmí tí kò mọ̀ pé bí oṣù bá ti lé, ààwẹ̀ ti tán, kò sí ẹni tó ń jí jẹ sàárì mọ́? Èmi gan-an sùn títí di àárọ̀ lọ́jọ́ náà. Ó sì ti ku díẹ̀ kí aago mọ́kànlá alẹ́ lù kí wọ́n tó kéde pé wọ́n ti rí oṣù. Ẹni tó gbé abọ́ yẹn síbẹ̀ ti gbé e síbẹ̀ kí ìkéde tó jáde, tó rò pé a máa gba ààwẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ó fẹ́ kó dà bíi pé ìdájí ni baba náà kú, bẹ́ẹ̀ alẹ́ ló pa á, nígbà tí ìyàwó náà ń dirun lójú gbogbo ènìyàn. Gbogbo ẹ̀ tò sí mi lórí ní ìdúró. Ẹ wá wo ayé mi: ìgbà àkọ́kọ́ tí èmi náà máa rí ojútùú ikú kan, òun ló tún là mí lójú. Tí n bá sọ òótọ́, Alápòótí ló yanjú ẹ̀, èmi sì ni òmùgọ̀ tó mú ìyá ọmọ lọ́jọ́ ọdún.

Mo ní, "Bọ̀dá, àwọn arúgbó wa kan ṣì máa ń jẹ ẹ́. Àṣà ni."

Ó mi orí, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó gbé àpótí rẹ̀.

Odindi ọjọ́ méjì ni obìnrin yẹn lò sí i nínú àtìmọ́lé. Ìyá rẹ̀ á gbé ọmọ wá láti mu ọmú, wọ́n á tún gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Mo rí bùbá rẹ̀ tí wàrà ti rin níwájú. Ojú tì mí, mo sì sọ fún ara mi pé màá wá ọgbọ́n kan dá sí i. N ò wá ọgbọ́n kankan. Owú yẹn lágbára ju ojútì lọ, mo sì ń gbádùn bí àwọn ọlọ́pàá kékeré ṣe ń kí mi kú iṣẹ́.

Ní ọjọ́ kẹta, Alápòótí gbé àpótí rẹ̀ wọ inú sẹ́ẹ̀lì lọ, ó jókòó ti obìnrin náà. Nígbà tó jáde, kò wo ojú mi. Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó ló gbà lọ tààrà, ó bá ìyá alákàrà tó ń dín nǹkan lẹ́nu ọ̀nà ilé náà. Èmi ti bi ìyá yẹn ní ìbéèrè tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n nípa ìdájí nìkan ni mo bi í, ó sì ní òun ò rí ẹnì kankan. Alápòótí bi í nípa alẹ́ tó ṣáájú. Ìyá ní baba náà ti mọ́ṣáláṣí dé lẹ́yìn ìrun ìṣáì, kò sì pẹ́ tí ọmọ àbúrò rẹ̀ gbé abọ́ tánganran yẹn gòkè. Òun ò kà á sí, torí ọmọ ilé ni.

Ọmọ àbúrò yìí ń ṣọ́ ilé iṣẹ́ kan ní Marina. Ó ti dé ibẹ̀ kí aago mẹ́wàá tó lù, ibẹ̀ ló sì wà mọ́jú, ìdí nìyẹn tí n ò fi tiẹ̀ bojú wò ó. Ó fẹ́ kí wọ́n ta ilé ẹbí fún àwọn tó fẹ́ kọ́ ilé gogoro, baba náà sì ti fàáké kọ́rí. Ibùdókọ̀ CMS ni a ti mú un, tó fẹ́ wọ ọkọ̀. Ó jẹ́wọ́ pé oúnjẹ ìṣínu tó ṣẹ́kù nílé ìdáná lòun bù sínú abọ́, òun sì fúnra òun jẹ ìdajì ẹ̀. Marina ló ti gbọ́ pé oṣù ti lé. Kò lè padà wá gbé abọ́ mọ́, torí àwọn ará ilé ti tú síta, wọ́n ń kí ara wọn kú ọdún, wọ́n sì rò pé baba ti sùn.

Nígbà tí a dé iwájú ọ̀gá, mo dúró sẹ́bàá ilẹ̀kùn. Mo mọ̀ pé ó ti tán fún mi. Alápòótí nu kúlíkúlí kúrò lẹ́nu.

"Àbúrò mi ló là mí lójú nípa sàárì yẹn, sà. Èmi ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, kí ni mo mọ̀?"

Ọ̀gá bọ̀ mí lọ́wọ́. Ìyìn tí mo ti ń wá láti ọjọ́ yìí, wọ́n gbé e fún mi, ó korò lẹ́nu mi bí ewúro tí wọn ò fọ̀. Alápòótí ò bá mi sọ ọ́ rí títí a fi pín yà. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, tí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn bá dé, ìmáàmù kan ló máa ń pè lórí fóònù, bí mo tilẹ̀ dúró tì í. N ò gbọ́ "Àbúrò, ìwọ lo mọ èyí" mọ́ láéláé. Ẹ ò mọ bí ìyẹn ṣe dùn mí tó.

Obìnrin náà ńkọ́? Ìtúnu ọdún tó tẹ̀ lé e, ó gbé abọ́ ìrẹsì àti adìẹ wá sílé mi, ó kúnlẹ̀, ó kí mi kú ọdún. Ọdọọdún ló ń gbé e wá láti ìgbà náà. Màá gbà á, màá ṣàdúrà, tó bá ti lọ màá gbé e fún aládùúgbò. Kò lè gba ọ̀nà ọ̀fun mi. Ọmọ tí mo gbà lẹ́yìn rẹ̀ ti ń lọ sí ilé ìwé girama báyìí. Èmi ti fẹ̀yìn tì, Alápòótí sì ti kú ní ọdún méjì sẹ́yìn. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á lé e bá. Èmi ni mo jókòó de òtítọ́ nígbà tó yá, ó rẹ̀ mí.

Ìtúnu tó kọjá yìí, kó tó dìde lórí ìkúnlẹ̀, mo sọ fún un. Mo ní mo mọ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́ pé kì í ṣe òun, mo sì purọ́.

"Mo mọ̀, sà," ló ní. "Nígbà tí Alápòótí wá bi mí nípa sàárì nínú sẹ́ẹ̀lì, mo ní, ṣé ọ̀gá tó mú mi ò sọ fún yín ni, ṣebí Mùsùlùmí bíi tiwa ni. Ó dorí kodò."

Mo ní kí ló wá dé tó ń gbé oúnjẹ fún mi láti ọjọ́ yìí.

"Òun ló bẹ̀ mí. Inú ń bí mi nígbà náà, kí n má tàn yín, ó pẹ́ kó tó rọlẹ̀. Ó ní kí n ṣáà máa gbé e wá, pé lọ́jọ́ tí ẹ bá fi ẹnu ara yín sọ ọ́ fún mi, kí n jókòó kí a jọ jẹ ẹ́."

Ó fa àga, ó jókòó, ó ṣí abọ́. A jọ jẹ ẹ́. Omi ń bọ́ lójú mi sínú ìrẹsì, n ò lè dá a dúró. Ara mi sì fúyẹ́, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n kí n sọ tòótọ́ tán: bí mo ṣe ń jẹ ẹ́, owú ṣì ń jẹ mí. Ọkùnrin náà ti wà nínú ilẹ̀, òun náà ló tún mọ ohun tí màá ṣe kí èmi tó mọ̀ ọ́n.