Páànù Tí Kò Dán

Ọmọ́yẹlé kì í gba gbẹ̀rẹ́, pàápàá tọ́rọ̀ bá ti kan bàbá rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ooru mú kí Bàbá Àjàgbé dákú lábẹ́ páànù ilé wọn ní Igbó-Elérin, Làtífù, àkọ́bí wọn, fárígá pé òun máa gbé wọn lọ sílé òun ní Ìbà Ẹsítéètì, níbi tí ẹ̀rọ amúlétutù wà.

Bàbá yarí. “Kúrò nílé tí mo fọwọ́ ara mi kọ́? Láàyè mi kọ́.”

Ọmọ́yẹlé gbè sẹ́yìn wọn. Kẹ́mísírì ló ń kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì, ó sì ti po ọ̀dà funfun kan tó jẹ́ pé bó bá gbẹ tán, ihò wínníwínní tójú ò lè rí ló máa ń kún inú rẹ̀. Àwọn ihò wọ̀nyí ló ń lé ìtànṣán oòrùn padà. Ooru tí páànù bá sì ti gbà, ọ̀dà náà á máa tú u dànù sójú ọ̀run, láìlo iná mànàmáná rárá.

“Bùọ̀dá mi, ẹ fún mi di Sọ́ńdè,” ló wí. “Bí yàrá Bàbá ò bá tutù, mo máa bá yín gbé ẹrù wọn sínú mọ́tò.”

Ó kun páànù náà. Lọ́jọ́ kejì, Bàbá sùn lọ́sàn-án, wọn ò sì làágùn. Àmọ́ nígbà tó débẹ̀ ní Sátidé, páànù ń kọ mànà, yàrá sì tún ti gbóná bí ààrò. Bàbá ló ránṣẹ́ pe pẹ́ńtà pé kó fi ọ̀dà dídán lé e.

“Iṣẹ́ tí ò dán, iṣẹ́ tí ò parí ni,” wọ́n ní. “Ṣé káwọn onílé ẹgbẹ́ mi máa sọ pé ẹfun lásán lo fi kùn ún ni?”

“Bàbá mi, ẹ ti dí gbogbo ihò ọ̀dà mi pa.”

Inú bí i gidigidi. Nǹkan ìbáà dára títí, bí kò bá ti dán, wọn ò ní í kà á sí ládùúgbò yìí. Wọ́n ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ti Ọmọ́yẹlé kọ́ nìyẹn lọ́jọ́ náà. Ó gorí àkàbà, ó fi irin ha gbogbo ọ̀dà dídán náà dànù. Aládùúgbò ń pè é pé kó sọ̀ kalẹ̀ kí oòrùn má pa á, àmọ́ ó ń ha á lọ. Ó ha á tán, ó tún fi tirẹ̀ kùn ún.

Ọ̀sán gangan ni Làtífù dé ní Sọ́ńdè. Ó wọ yàrá, ó gbọ́wọ́ lé ògiri.

“Ọmọ́yẹlé,” ni Bàbá wí látorí bẹ́ẹ̀dì, “bá mi mú aṣọ ìbora mi wá. Òtútù ń mú mi.”

Ọmọ́yẹlé mọ̀ dájú pé kò sí òtútù kankan níbẹ̀, ooru ló kàn rọlẹ̀. Ó mú aṣọ náà wá, ó sì fi bò wọ́n dé ọrùn. Bàbá di etí aṣọ náà mú, wọ́n tẹjú mọ́ kọ́kọ́rọ́ mọ́tò tó wà lọ́wọ́ Làtífù, títí ó fi tì í bọ àpò.