Orin tí Ìyá Mi Kọ Lórí Odò Epo

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, èmi àti ọmọ-ọmọ mi wọ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ní Effurun, awakọ̀ bá tan orin kan tí mo ti mọ̀ kí wọ́n tó bí bàbá rẹ̀. Wọ́n ti fi ìlù tuntun sí i, ṣùgbọ́n orin náà ni. Mi ò mọ ìgbà tí mo di irin kẹ̀kẹ́ mú gírígírí. Ọmọ náà wò mí, ó ní, "Grandma, wetin dey fear you?" Ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, àmọ́ Warri ló bí ẹnu rẹ̀. Mo ní kó jẹ́ ká délé ná. Ohun tí mo sọ fún un nílé nìyí.

Nígbà tí owó epo rọ̀bì ń ya wọ Warri bí àgbàrá, ẹ̀yìn ọjà Pessu là ń gbé, nínú ilé pákó tó kọjú sódò. Ìlàjẹ ni wá. Ẹja gbígbẹ ni ìyá mi ń tà. Àwọn òṣìṣẹ́ epo ń ti Èkó dé, tàwọn ti giramafóònù wọn. Ọ̀kan nínú wọn, Bọ̀dá Kúnlé, ará Ìjẹ̀bú, gba yàrá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Lọ́sàn-án Sátidé, á nu àwo orin rẹ̀ bí ẹni ń nu ojú ọmọ tuntun, á gbé abẹ́rẹ́ lé e, àwa ọmọdé á sì tò sábẹ́ fèrèsé rẹ̀, ẹsẹ̀ wa kò ní gbélẹ̀.

Ìyá mi kórìíra àwọn orin yẹn. Ìjọ aláṣọ funfun là ń lọ, orin ayé ló sì ń pe gbogbo ìyẹn, pàápàá èyí tí awakọ̀ kẹ̀kẹ́ yẹn tan, tó gbòde jù nígbà náà, tí ọkùnrin kan fi ń sọ pé ìbàdí olólùfẹ́ òun ló mú òun gbàgbé ọ̀nà ilé. Ẹni tó bá kọ ọ́ nílé wa, ọmọrogùn ló ń bá a sọ̀rọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá mi, èmi àti àbúrò mi Bọ́sẹ̀, ọmọ ọdún márùn-ún, ń ti abúlé apẹja kan bọ̀ nínú ọkọ̀ Pa Toju, àgbàlagbà Iṣẹ́kírì kan. Bí a ṣe yà ní kọ́nà odò, òórùn kan gbá wa nímú. Omi ti dúdú, ó ń dán, ó ki bí oyin. Páìpù epo rọ̀bì kan ti bẹ́ níbì kan. Lókèèrè, iná gáàsì tí ilé-iṣẹ́ epo ń sun ń jó lókè igi bó ṣe máa ń jó lójoojúmọ́, atẹ́gùn sì ń fẹ́ bọ̀ láti ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Pa Toju pa ẹ́ńjìnnì. Ó yọ sìgá tí kò tíì tàn lẹ́nu, ó fi sápò, ó gbé àjẹ̀. Ó rọra ní, "Madam, hold your pikin dem. If fire touch this water, nobody go find us."

Kò sí ẹyẹ tó ké. Àwọn ẹja tó kú léfòó, ikùn wọn funfun kọjú sókè. Mo ń wo iná ọ̀hún, mo ń rò ó pé irun mi ni yóò kọ́kọ́ gbiná. Bọ́sẹ̀ bú sẹ́kún, ó fẹ́ dìde. Ọkọ̀ fì, epo ta sí wa lára. Ìyá mi fà á mọ́ra. Ó bẹ̀rẹ̀ Sáàmù, ohùn rẹ̀ gé. Ó tún bẹ̀rẹ̀, ó tún gé. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohun tó ń kọ sí etí Bọ́sẹ̀.

"Ìbàdí rẹ ló mú mi gbàgbé ọ̀nà ilé."

Ó mọ̀ ọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó mọ ibi tí gìtá ti ń dá nìkan ké, ó fi imú kọ ìyẹn. Bọ́sẹ̀ dákẹ́, ó ń wò ó lẹ́nu. Èmi ń gbè é. Mi ò mọ iye ìgbà tó kọ ọ́ kí a tó rí omi tó mọ́. Nígbà tí a gúnlẹ̀, ó kọ́kọ́ gbé Bọ́sẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló jókòó sórí yanrìn.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, ó jáde láti jẹ́rìí. Ó ní Sáàmù ni òun kọ tí Ọlọ́run fi kó wa yọ. Ìjọ hó yèè. Bọ́sẹ̀ fẹ́ la ẹnu, mo fi ìgúnpá gún un.

Odò yẹn kò lẹ́ja mọ́. Orin ti wà nínú fóònù kálukú báyìí, kò sọ́mọ tó ń tò sábẹ́ fèrèsé ẹnikẹ́ni. Iná gáàsì ṣì ń jó, ẹ̀rù rẹ̀ ṣì ń bà mí. Ó pẹ́ tí ìyá wa ti sùn nínú Olúwa, èmi àti Bọ́sẹ̀ kò sì tú àṣírí náà fún ẹnikẹ́ni rí. Mo kàn rò pé ó ti tó kí ẹnìkan mọ irú Sáàmù tó jẹ́.