Ẹni Tí Màmá Ń Rí Lára Mi

Nígbà tí mo gba iṣẹ́ olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Ìlaró, mo háyà yàrá kan nílé ìyá àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́. Ilé wọn mọ́ tónítóní, omi kì í sì í gbẹ nínú kànga wọn. Àwọn tó júwe ibẹ̀ fún mi ní ibi ire ni mo dé sí. Kò pẹ́ rárá tí mo fi kórìíra màmá náà.

N kò ní ọ̀rọ̀ mìíràn tí mo lè fi pè é. Láàárọ̀, kí n tó ṣílẹ̀kùn, màá ti gbọ́ ìró sálúbàtà wọn ní ọ̀ọ̀dẹ̀, màá sì tún padà jókòó sórí ibùsùn. Wọn kì í jẹ́ kí n kí wọn tán kí wọ́n tó rí àléébù: n kò gbálẹ̀ dáadáa, mo sá aṣọ síbi tí kò yẹ. Bí mo bá ń bá ìyá mi tó wà ní Ìgbógìlà sọ̀rọ̀ lórí fóònù, tí mo sì rẹ́rìn-ín, wọ́n á gbá ògiri láti yàrá kejì. Àga onígi kan wà ní faranda tí ẹnikẹ́ni kì í jókòó sí. Ọjọ́ tí mo fìdí kàn án, wọ́n jáde, wọ́n dúró tì mí títí mo fi dìde.

Nílé ẹ̀kọ́, ọkùnrin kan tó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní filọ́sọ́fì la jọ ń lo ọ́fíìsì kan. Ẹ̀gbọ́n ni mo ń pè wọ́n. Nígbà tí mo rojọ́ fún wọn, wọ́n sọ fún mi nípa àwọn ọlọ́gbọ́n ayé àtijọ́ kan ní ilẹ̀ Gíríìsì àti Róòmù tí wọ́n ń pè ní Sítọ́ìkì. Wọ́n ní ẹ̀kọ́ àwọn èèyàn náà ni pé ká ya ohun tó wà níkàáwọ́ wa sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí kò sí níbẹ̀. Ìwà màmá onílé kò sí níkàáwọ́ mi, ṣùgbọ́n ohun tí mo bá rò nípa ìwà náà, tèmi ni. Wọ́n ní kí n tó jáde láàárọ̀, kí n ti fojú inú rí wọn àti gbogbo ariwo wọn, kí n sì rán ara mi létí pé ọmọ èèyàn bíi tèmi ni wọ́n.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bẹ́ẹ̀ lórí ibùsùn mi láràárọ̀. Ó sì ṣiṣẹ́. Inú mi rọ̀. Màá kí wọn, màá gba ìbáwí tèmi, màá sì bá ọ̀nà mi lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìbínú kò dí mi lójú mọ́, mo wá ń wò wọ́n dáadáa. Mo rí i pé wọn kì í wo ojú mi. Ẹ̀gbẹ́ etí mi ni wọ́n máa ń wò bí wọ́n bá ń bá mi wí, wọ́n á sì máa fẹ̀yìn rìn díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kí ni onílé fẹ́ bẹ̀rù lára ayálégbé?

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, òjò ká mi mọ́ ojú ọ̀nà. Bí mo ṣe wọlé tí omi ń kán tótó lára mi, Màmá ń bọ̀ láti ilé ìdáná. Abọ́ tó wà lọ́wọ́ wọn bọ́. Wọ́n pe orúkọ kan tí kì í ṣe tèmi. Wọ́n wá bi mí léèrè, pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́ tí n kò gbọ́ lẹ́nu wọn rí:

“Ṣé omi náà tutù?”

Mo ní, “Màmá, èmi ni. Òjò ló pa mí.”

Wọn kò gbọ́ mi. “Mo dúró létí odò,” ni wọ́n ń wí. “Mo dúró títí.”

Lọ́jọ́ kejì, mo wá nọ́ńbà àbúrò wọn ọkùnrin tó ń gbé ní Òkè-Ọ̀dàn, mo sì ní kí wọ́n máa bọ̀. Nígbà tí baba náà dé tí wọ́n sì rí mi, ńṣe ni wọ́n di ara ilẹ̀kùn mú. Wọ́n ní àbúrò obìnrin kan wà láàárín àwọn àti Màmá, olùkọ́ bíi tèmi, tó ń gbé inú ilé yìí kan náà. Ó ń ti Ihunbo bọ̀ nígbà òjò kan, kí wọ́n tó bí mi, nígbà tí ọkọ̀ ojú omi dojú dé lórí odò Yewa, ó sì bómi lọ. Wọn kò rí òkú rẹ̀ sin. Òun ló ni àga yẹn.

Baba ní, “Ojú rẹ ni, àti ẹ̀rín yẹn. Nígbà tí o kó dé, ẹ̀gbọ́n mi pè mí, wọ́n ní ó ti padà, àmọ́ kò ṣe bí ẹni tó mọ àwọn. Wọ́n fẹ́ kí o lọ. Wọn ò sì fẹ́ kí o lọ.”

Mo bi Ẹ̀gbọ́n tí a jọ ń lo ọ́fíìsì pé èwo ló wà níkàáwọ́ mi nínú èyí. Wọ́n pa ìwé ọwọ́ wọn dé. Wọ́n ní ẹ̀kọ́ náà kọ́ni bí a ṣe ń fara da ẹni tó rí wa tí kò fẹ́ràn wa, ṣùgbọ́n àwọn ò mọ ohun tó sọ nípa ẹni tí kò rí wa rárá.

Láìpẹ́, àìsàn dá Màmá dùbúlẹ̀. Ìbéèrè kan náà, bóyá omi náà tutù, ni wọ́n ń bi mí ní ìrọ̀lẹ́. Mo máa ń sọ òótọ́ fún wọn pé ayálégbé ni mí, wọ́n á sì sunkún. Lọ́jọ́ kan, mo gbọ́ tí ẹnu mi sọ pé, “Kò tutù, Ẹ̀gbọ́n mi.” Wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n sì sùn lọ. N kò rò ó kí n tó sọ ọ́, ohùn náà kò sì jọ tèmi létí mi. Nígbà tí ìyá mi pè lọ́jọ́ kejì tí mo dáhùn, wọ́n béèrè pé ta ló gbé fóònù ọmọ àwọn.

Ẹ̀rù bà mí. Nígbà tí mo kórìíra Màmá, ó kéré tán, mo mọ ẹni tí mo jẹ́.

Màmá kú ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn. Òkè-Ọ̀dàn la ti ṣe ìsìn ìsìnkú wọn. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ìyá arúgbó kan rọra sún mọ́ mi lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, wọ́n sì wo ìka ara wọn bóyá omi wà níbẹ̀. Mo sọ ibi tí wọ́n bí mi sí fún wọn àti iṣẹ́ tí mo ń ṣe. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́, ṣùgbọ́n wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọn kò sì fi í sílẹ̀ títí pósí fi jáde.